Ìpè Tí Ìyá Roqeebah Dá Pè

Ní Ṣógúnlé, Roqeebah ló máa ń bá ìyá rẹ̀ tẹ fóònù. Bí màmá bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Ìṣẹ́yìn sọ̀rọ̀, ọmọ á pè é, á sì dúró tì wọ́n títí ọ̀rọ̀ á fi tán.

Lọ́jọ́ kan màmá ní, "Kọ́ mi, kí n lè máa dá a tẹ̀."

Wọn ò mọ̀wé, nítorí náà Roqeebah fi nọ́ńbà náà sórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo. "Ẹ tẹ èyí mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ tó ń dún." Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń ṣì í tẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Roqeebah lọ sí Ìsọlọ̀. Màmá tilẹ̀kùn, wọ́n tẹ bọ́tìnnì náà, ẹ̀gbọ́n wọn sì gbé e.

"Ta ló bá ẹ pè mí?"

"Èmi nìkan ni. Ẹ̀gbọ́n mi, orúnkún ń dùn mí. Mi ò lè forí kanlẹ̀ kírun mọ́. Mi ò fẹ́ káwọn ọmọ gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n wọn ní, "Orí àga lèmi náà ti ń kírun láti èṣí."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Màmá fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú òróró tí ẹ̀gbọ́n wọn fi ń pa orúnkún.