Asà Ni Mo Kọ, Àṣá Ni Wọ́n Kà

Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, inú ọkọ̀ òkun akẹ́rù ni mo ti ríṣẹ́ ẹnjiníà. Ọkọ̀ yẹn ló gbé mi dé àwọn erékùṣù ìlà-oòrùn Indonéṣíà. Ibẹ̀ ni mo ti rí asà àwọn ará Halmahera, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà: igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó há láàárín bí ìbàdí omidan, tí wọ́n to èérún ìkarahun funfun sí lára. Láti ìgbà náà, a kì í gúnlẹ̀ níbẹ̀ kí n má wá idà tàbí asà rà. Ìyàwó mi olóògbé a máa ní, "Ọkọ ẹlòmíràn ń ra góòlù bọ̀, tèmi ń ra ogun wọlé."

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin mi ní kí n kúrò nílé wa ní Itamaga, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

"Dádì, yàrá kan ló wà fún yín o. Àwọn idà yẹn ńkọ́?"

Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ kó wọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo bá kọ ọ́ sórí Wáásáàpù àwọn tí a jọ kàwé: "Mo fe fi asa mi tore." Fóònù mi kò mọ àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà. Wọ́n fi ránṣẹ́ káàkiri.

Ní Sátidé, obìnrin kan tó ní ilé ìwé ní Ẹ̀pẹ́ kanlẹ̀kùn mi, ó gbé àgò ẹyẹ dání.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi àṣá tọrẹ, àbí? Mo ti ra ẹran tó máa jẹ bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Asà ogun ni mo wí, màdáámù, kì í ṣe èyí tó ń gbé òròmọdìẹ."

"Yéè! Bàbá, àwọn ọmọ ti sọ ẹyẹ lórúkọ!"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ wo àwọn idà àti asà náà ná. Ó fọwọ́ pa ìkarahun ara asà Halmahera yẹn.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ará etí omi bíi tiyín ni. Wọ́n ń gbé e jagun nígbà kan. Ijó ni wọ́n ń gbé e jó báyìí."

Ó mi orí. "Idà ò lè wọ ilé ìwé mi o. Àwọn ọmọ yẹn á ṣe ara wọn léṣe."

Mo nawọ́ láti gbé asà náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Àfi tí ẹ bá bá mi kan àpótí onígíláàsì tó ní kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹ̀yin náà lẹ sì máa wá ṣàlàyé. Mi ò mọ ìtàn wọn, mi ò sì ní parọ́ fọ́mọ ọlọ́mọ."

Mo kàn án. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan béèrè pé, "Bàbá, ṣé ọkọ̀ ṣì ń lọ sí Halmahera?"

Mo ní ó ń lọ. Ó ní kí n fi ọ̀nà hàn òun lórí máàpù.