Omi Èèpo Ẹ̀gbà

Nígbàkúùgbà tí yunifásítì bá ti gba ìsinmi, èmi nìkan ni mo máa ń ṣẹ́kù sí yàrá ìwádìí wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ti kó ẹrù lọ sílé. Èmi kò ní ẹbí kankan nílùú tí yunifásítì wà. Ìyá mi, ẹnì kan ṣoṣo tí mo ní, wà ní Ugbonla, nínú ilé orí òpó tí bàbá mi kọ́ sórí omi kó tó kú. Láti ọ̀dọ̀ mi, èèyàn á wọ mọ́tò dé Ìgbókọ̀dá, á tún wọ ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, kó tó rí i.

Èèpo igi ẹ̀gbà ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ na ẹsẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ létí omi wa. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ lè so mọ́ DNA, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú ara tó ń jẹ́ kí ọmọ jọ ìyá tó bí i. Èyí tí mo ń lò, ara ọmọ màlúù ni wọ́n ti fà á jáde, ó sì funfun bí òwú. Màá bu oje èèpo sínú ìgò kékeré onígun mẹ́rin tó mọ́ gaara, màá gbé e sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á tan ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ìlà kan á hàn lójú kọ̀ǹpútà, á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀: ìyẹn ló ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tí oje náà gbé mì ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà, màá máa kán DNA sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ìlà náà bá yí padà, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn.

Ìyá mi ló jẹ́ kí n mú èèpo yẹn. Láti kékeré mi ló ti ń sè é, tó ń mu omi rẹ̀ fún inú rírun. Omi náà pupa, ó korò, òórùn rẹ̀ sì máa ń gba gbogbo ilé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ìlà náà yí padà. Iná ti ń lọ tó ń bọ̀ láti àárọ̀, ó ti sú mi. Mo kán DNA sí i, orí ìlà náà wálẹ̀. Mo tún kán an, ó tún wálẹ̀, ó sì yẹ̀ díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo rò pé mo ti ṣe àṣìṣe. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo fọ ìgò, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ohun kan náà ni mo rí. Mo dìde, mo kígbe pé, "Ó ti so!" Ohùn mi dún padà lára ògiri, ìgbà yẹn ni mo rántí pé láti ọjọ́ Ẹtì, n kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Mo pe ìyá mi. Ìpè náà kọ́kọ́ ń já, kó tó wọlé.

"Màámi, ó ti so mọ́ ọn o!"

"Kí ló so mọ́ kí ni?"

"Èèpo yín. Ohun inú rẹ̀ so mọ́ DNA."

Mo ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ lẹ́nu fóònù rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun. N kò tíì fẹnu kan nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, mo fi ọ̀nà mìíràn dán oje náà wò. Aró kan wà tó máa ń tàn yòò bó bá ti jókòó sáàárín okùn DNA. Bí mo ṣe ń kán oje èèpo sí i ni títàn rẹ̀ ń dín kù. Èèpo ń lé e kúrò láyè rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ní kí n wá èèpo sí i, ni mo bá forí lé ilé.

Ìyá mi ti ro púpurú dè mí. Bí a ṣe ń jẹun ni mo ń ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Nígbà tó so mọ́ ọn, ṣé ire ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, Màámi. Ó lè pa èyí tó ń ṣàìsàn nínú ara. Ó sì lè ba èyí tó dára jẹ́."

"Nínú ara tèmi ńkọ́?"

"Inú ìgò ni mo ti rí i. Mi ò tíì mọ ti inú ara."

"Ṣé kí n ṣì máa mu ún?"

"Mi ò mọ̀, Màámi."

Ó wo ife omi èèpo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa."

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ wà mí lọ síbi tí a ti bó èèpo. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti ibi ẹja kí wa, mo dá wọn lóhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín pé mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ará òkè, àwọn tí kì í gbé orí omi. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wà lọ.

Nígbà tí mo tún padà wálé lásìkò Kérésìmesì, n kò gbóòórùn kankan bí mo ṣe wọlé. Ìkòkò èèpo ti wà lórí àjà. Oògùn oníhóró tó rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì létí èbúté ló wà nídìí ibùsùn rẹ̀.

Mo ní, "Màámi, mi ò sọ pé kí ẹ má mu ún mọ́."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé ife báyìí, okùn yẹn ni mo máa ń rò." Ó gbójú sókè wo àjà. "Tẹ́lẹ̀, bàbá rẹ ni mo máa ń rò. Òun ló máa ń bá mi bó èèpo náà."

Mo sọ fún un pé a ti fi oje náà ránṣẹ́ sí yunifásítì mìíràn tí wọ́n ti lè dán an wò lára ẹran ara, pé a ń retí èsì. Ó mi orí, bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ ìròyìn ìlú tí kò dé rí.

Nírọ̀lẹ́, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wa rọ̀ wálẹ̀ lókè omi. Mo ní kó bá mi lọ, ká jọ máa gbé nílùú.

Ó ní, "Ta ni màá mọ̀ níbẹ̀?"

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ńkọ́, ta lo mọ̀ níbẹ̀?"

Mo ronú títí, n kò rí ẹnì kan tí mo lè dárúkọ. Ó nawọ́ kan èjìká mi, ó ní kí n dìde lọ tan àtùpà, pé ilẹ̀ ti ń ṣú.