Ìtẹ́ Tí Mo Fi Òwú Rán

Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Mushin, ní àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira. Kò ga, imọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páànù ilé ìdáná. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀gà á dé sórí rẹ̀, a ò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa mọ́.

Ọ̀kan nínú wọn kò ní ìka kan lẹ́sẹ̀ òsì. Òwú mi ló fà á. Télọ̀ ni mí. Ẹyẹ náà wá ṣa òwú níwájú ṣọ́ọ̀bù, òwú sì wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìyàwó mi ló tú u sílẹ̀. Ìka náà gbẹ, ó já. Láti ìgbà náà ni ìyàwó mi ti ń pè é ní ọkọ òun kékeré.

"Ọkọ mi kékeré ti dé," á ní. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin akọ̀wé."

Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ti lé lógójì kí n tó mọ̀wé kọ. Lọ́dọọdún tí ẹyẹ náà bá dé, màá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọdún náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọdún méje ló wà níbẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi kú, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. A ò bímọ.

Òjò bọ̀, ẹyẹ náà dé. Mo kọ ọdún kẹjọ. Ìyẹ́ rẹ̀ tó máa ń pọ́n bí ìyeyè ti ṣá. Ó hun ìtẹ́, ó ń gbọn ìyẹ́, ó ń pe àwọn abo. Wọ́n á wá, wọ́n á yọjú wò ó, wọ́n á lọ bá àwọn akọ ọ̀dọ́ tó ti ní abo méjì, mẹ́ta. Bí ewé ìtẹ́ bá gbẹ, á tú u dànù, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kó bímọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Òun nìkan ni ohun ẹlẹ́mìí tó kù tí ìyàwó mi fẹnu ara rẹ̀ sọ lórúkọ.

Nígbà tó fẹ́ tú ìkẹta, ara mi ò gbà á. Mo gbé àkàbà, mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú rán ìtẹ́ náà mọ́ imọ̀.

Ọjọ́ méjì ló fi fà á. Kò já. Lẹ́yìn náà, ó kàn bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá kejì rí i. Oko Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti dàgbà.

"Ta ló rán ilé ẹyẹ?"

"Èmi ni, ìyá."

"Àbí ìwọ lo fẹ́ wọ ibẹ̀ sùn? Abo kì í wọ ìtẹ́ gbígbẹ. Ó ń tú u kó lè hun tútù ni. Agbára díẹ̀ tó kù fún un, òwú rẹ ló jẹ ẹ́ tán yẹn."

Mo gun àkàbà, mo fi sísọ́ọ̀sì gé ìtẹ́ náà sílẹ̀. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ òjò ti ń lọ. Ẹyẹ náà já ewé tútù kan, ó gbé e dání fún ìgbà díẹ̀, ó jẹ́ kó bọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹ̀gà dé. Mo gbé àga sẹ́yìn ilé, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Títí di òní, bí ariwo wọn bá sọ ní ìdájí, mo máa ń gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ọkọ mi kékeré ti dé." Màá mú ṣọ́ọ̀kì, màá jáde lọ wò. Ìka gbogbo wọn pé.