Sísó Ìyá Télọ̀

"Dúró dáadáa, má mira." Bí ìyá télọ̀ tó múlé tì wá ṣe máa ń wí nìyẹn, wọn á sì na téèpù láti èjìká mi dé orúnkún. Téèpù náà máa ń tutù, ó ń rùn bí òróró máṣíìnì. Wọn á wá ní kí n gbé sísó wá. Bí àwọn ará Àbíjàn ṣe ń pè é nìyẹn. Sísọ́ọ̀sì ni ìyá mi ń pè é. Àlùmọ́gàjí ni ti àwọn àgbà Ẹ̀jìgbò, ìlú wa. Aṣọ tí wọ́n sì fẹ́ gé, kì í ṣe tèmi.

Ogun ló lé ìyá télọ̀ kúrò ní Àbíjàn. Ọkọ wọn ò gbà kí wọ́n mú ọmọbìnrin wọn dání, kì í sì í gbé fóònù wọn. Ọdún kan náà ni wọ́n bí èmi àti ọmọ yẹn, ara mi ni wọ́n fi ń wọn aṣọ Iléyá rẹ̀ lọ́dọọdún. Wọn á fi ìka méjì kún un, wọ́n ní ọmọ tó ń jẹ àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará Àbíjàn, kì í rù bíi tiwa. Inú máa ń bí mi gan-an. Awakọ̀ ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn kan ló ń bá wọn gbé aṣọ náà lọ sí Àbíjàn. Bó bá dé, á ní ọmọ ń kí wọn.

Lọ́dún karùn-ún, awakọ̀ náà gbé báàgì kan wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀, wọn ò wọ ọ̀kankan rí. Ibà ti pa ọmọ náà kí aṣọ àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ó ní lọ́dọọdún lòun ń fẹ́ sọ ọ́, ojú wọn lòun ò lè wò.

Ìyá télọ̀ fa èyí tó kéré jù yọ, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀.

"Ṣé ó tiẹ̀ ga tó báyìí?"

Awakọ̀ náà ò rí ọmọ náà rí.

Èdè Faransé ni mo padà kà ní yunifásítì. Olùkọ́ wa ní ìdílé kan ni sísó àwọn Faransé àti sísọ́ọ̀sì àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ Látìn kan tí wọ́n fi ń pe irinṣẹ́ tó ń gé nǹkan ló bí wọn. Ó ní àlùmọ́gàjí ò sí lára wọn, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá nìyẹn ti wá, Haúsá ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Látìn ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló kù káàkiri ayé. Omi lé sí mi lójú láàárín kíláàsì. Kí ìyá lọ, kí ọmọ kù, ohun tí ìyá gbogbo ń tọrọ nìyẹn, Ọlọ́run ò ṣe é fún ìyá télọ̀. Bí ọdún kan bá ti kún ọjọ́ orí mi, mo máa ń ka ti ọmọ yẹn mọ́ ọn. Mi ò rí i rí, síbẹ̀ èmi ni mò ń bá a dàgbà.