Orúkọ Tí Mo Lọ Tọrọ Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Títí di òní, bí eruku igbá tí wọ́n ń fín bá ti kan imú mi, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ọkàn mi ń lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, mo ń ka másítàsì lórí iṣẹ́ wẹ́fíà, wọ́n sì rán mi lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá bímọ níbẹ̀, ó sì kú sórí ìkúnlẹ̀. Kò lẹ́bí tó lè tọ́mọ. Bàbá ọmọ ti lọ sókè Ọya, a ò gbúròó rẹ̀. Bàbá bàbá ọmọ, afíngbá kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló kù. Bí òun náà bá kọ̀, ilé ọmọ aláìlóbìí ni.

Mo tọ̀ ọ́ lọ, mo da gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀: ẹ̀tọ́ ọmọ, ojúṣe ẹbí. Baba ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára igbá. Ó ní, “Ọmọ mi fẹ́ ọmọ onígbàgbọ́, kò gbọ́ tẹnu mi. Mi ò lọ́mọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ máa lọ.” Háà! Mo wọ mọ́tò padà bí adìyẹ tí òjò pa.

Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́, ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi kan, fi mí rẹ́rìn-ín títí. “Ọ̀gbẹ́ni másítàsì, má bẹ̀ ẹ́ kó gbọmọ mọ́. Ọ̀la lọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ. Lọ tọrọ orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀.”

Mo padà lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku igbá. “Baba, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀la la ó sọmọ lórúkọ, a ò sì mọ èyí tó bá ilé yín mu.”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ baba. “Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,” ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde lẹ́nu rẹ̀. “Obìnrin ni?”

“Obìnrin ni, sà.”

“Ràfíátù. Àdùkẹ́ loríkì rẹ̀. Oríkì ìyá mi ni.”

Mo dúpẹ́, mo dìde. Àfi bó ṣe pariwo mọ́ mi: “Níbo lò ń lọ? Ṣé nọ́ọ̀sì ni yóò máa ki Àdùkẹ́ mi ni? Dúró, jẹ́ n fọwọ́!”

Gbogbo ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń nu ọwọ́ yẹn, kí eruku má baà kan ọmọ. Nígbà tó gbé e, tó pè é ní Àdùkẹ́, èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yunifásítì tó fún mi níwèé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ìyá yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Ó mọ̀ pé baba tó ti búra nínú ìbínú ń wá ibi tí yóò gbà padà láìtẹ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ bímọ obìnrin, ó sì pè mí sí ìkómọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n ní kí èmi náà fún ọmọ lórúkọ. Orúkọ ọ̀gá mi ni mo sọ ọ́.