Màríà Wo Lo Fẹ́ Jẹ́?

Wọn kò ṣe ìsàmì fún mi ní kékeré torí pé Mùsùlùmí ni bàbá mi, kò sì fẹ́ ẹ nínú ilé rẹ̀ ní Adabraka, ní Gáná níbí. Ìgbà tí mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Darkuman ni mo tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìsàmì ní ìjọ àwa Yorùbá. Mo ti ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà náà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ kíláàsì náà ní sùúrù, ó kọ́ mi títí mo fi lè ka Bíbélì Yorùbá fúnra mi.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìsàmì ló ń mú orúkọ tirẹ̀ wá. Mo mú Màríà Magidaléénì. Òun ni Jésù rán pé kó lọ sọ fún àwọn ọkùnrin pé òun ti jíǹde. Èmi tí mo ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Gáná, tí n kò lè kí oníbàárà kó gbọ́, mo fẹ́ jẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n rán ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣe ìyá ìsàmì mi gbọ́ ọ, ó pàtẹ́wọ́.

"Yéè! Nínú gbogbo obìnrin inú Bíbélì, aṣẹ́wó lo rí mú?"

Olùkọ́ ní, "Màmá, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Obìnrin ẹlẹ́ṣẹ̀ tó fi omijé wẹ ẹsẹ̀ Jésù kò lórúkọ nínú Lúùkù. Màríà ti Bẹ́tánì, òun ni àbúrò Mátà. Ti Mágídálà tún yàtọ̀."

"Ní ìjọ tí wọ́n bí mi sí, ẹnì kan náà ni gbogbo wọn."

"Ẹ kàn ń kó gbogbo Màríà sínú ọkọ̀ tóróòtóró kan ni, Màmá."

"Ẹ̀mí èṣù méje tí wọ́n lé jáde lára rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ilé ìjọsìn ló ti kó wọn?"

"Ẹni tí ẹ̀mí èṣù ń dà láàmú kì í ṣe aṣẹ́wó, mà."

Àwọn obìnrin tó jókòó pẹ̀lú wa ní kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá náà nawọ́ sí mi. "Ọmọ tó ń gbé kẹ́ńkẹ́ fún àwọn awakọ̀ ní ibùdókọ̀ Kaneshie! Àwọn ará Gáná náà mọ 'aṣẹ́wó', ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi pè ọ́ ni?"

N kò bá awakọ̀ kankan ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ mo ń fa síkẹ́ẹ̀tì mi bo orúnkún.

Olùkọ́ yíjú sí mi. "Ìwọ lo ni orúkọ. Sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ṣebí o ka ibẹ̀ fún mi?"

Mo mọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Èyí tí Màmá bá fẹ́ náà ni."

"Mátà!" ni ìyá náà wí. "Mátà mọ oúnjẹ sè, kò sẹ́ni tó ń jiyàn lórí rẹ̀."

Olùkọ́ pa Bíbélì rẹ̀ dé. Kò bá mi wí. Ó ti gbèjà obìnrin tí kò sí níbẹ̀; èmi tí mo fẹ́ràn obìnrin náà ni mo sá fún un, bí ẹni pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ. Orí ìjókòó yẹn gan-an ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì dìde.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n ṣe ìsàmì fún mi, omi náà tutù, ó ṣàn wọ ọrùn aṣọ funfun mi. Lẹ́yìn ìsìn, àǹtí mi pe àwọn ará ìjọ wá jẹ ìrẹsì. Olùkọ́ wà lára wọn. Inú àǹtí mi dùn sí orúkọ tuntun náà, ó ń pè é kiri ilé.

"Mátà! Bu omi wá fún olùkọ́ rẹ."

Mo dáhùn kíákíá. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún un. Ó ní, "O ṣeun," kò fi orúkọ kankan kún un. Mo wo ilẹ̀ títí ó fi mu omi náà tán.