Ohun Tí Orville Ń Kọ Nípa Ẹ̀yìn Wendell

Láti ìgbà tí Wendell Pruett ti já bọ́ látorí ọkọ̀ ológun ní Kuwait ni ẹ̀yìn rẹ̀ kò ti gbádùn mọ́. Ìrora a máa ta láti ìbàdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì bí ẹni tí iná gbé. Síbẹ̀, ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún nìjọba kọ pé ara rẹ̀ fi bàjẹ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò owó ìrànwọ́ ológun tó fara pa; wọn ò tiẹ̀ mẹ́nu ba ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kó wá ṣàyẹ̀wò mìíràn, bírò bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Wendell kàn ń wò ó nílẹ̀. Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá òun á bẹ̀rẹ̀ ni?

"Má ṣèyọnu, màá mú un," ni dókítà wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa mú un."

Nígbà tó délé, ó rí Orville, bàbá tó ń gbé lódìkejì ọgbà, tó ń wò ó tó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé.

"Lorna! Bàbá yìí ti di amí ìjọba!"

"Orville tó ń bá wa gé koríko?" ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

"Ta ló bẹ̀ ẹ́? Èèyàn kì í ṣoore lásán."

Odindi oṣù méjì ni Wendell ò fi kí bàbá náà.

Lẹ́tà ìjọba dé. Ẹ̀yìn, ogójì. Ẹsẹ̀, ogún. Àpapọ̀, àádọ́ta.

"Ogójì àti ogún di àádọ́ta? Olè!"

"Fara balẹ̀," ni Lorna wí. " Ìdá ogún nínú ọgọ́ta tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi kún un, ìyẹn méjìlá; ó di méjìléláàádọ́ta, wọ́n wá gé e sí àádọ́ta. Wo ìsàlẹ̀ níbí."

Níbẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: ẹ̀rí Orville Stamps, ojú ewé mẹ́rìnlá. Gbogbo ọjọ́ tí Wendell ṣubú nídìí àpótí lẹ́tà, gbogbo àárọ̀ tí Lorna bá a so okùn bàtà.

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́," ni Lorna wí. "Ká ní o mọ̀ ni, wàá máa ṣe bí akọni lójú ẹ̀."

Wendell mú ọ̀pá, ó rọra lọ sídìí ọgbà.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ gbà nídìí ẹ̀?"

Orville ò bínú. "Ẹ̀gbọ́n mi ti ogun Vietnam dé pẹ̀lú irú ẹ̀yìn yẹn. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé fún un títí tó fi kú."

Wendell nawọ́ sí i. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun rí ìwé náà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn Orville, ó ń kà á lójú ewé kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ṣubú o. Ọjọ́rú lẹ kọ síbí."